Ọkọ̀ Inú Páálí ti Avril Tuxworth

Ọdún mọ́kàndínlógún ni Avril Tuxworth fi ta tíì ní pápá ìsáré ọkọ̀ tó wà ní Ormsdale, kò sì sí ọjọ́ kan nínú gbogbo ọdún náà tí kò wù ú kí ó kúrò nídìí omi gbígbóná, kí ó lọ jókòó sínú ọkọ̀, kí òun náà sá a. Kì í ṣe pé ó fẹ́ borí ẹnikẹ́ni. Kọ́nà kan ṣoṣo ni ọkàn rẹ̀ fà sí, èyí tí wọ́n ń pè ní Ìgúnpá, níbi tí títì ti ń ti orí òkè bọ̀ nísàlẹ̀, tí ó sì yà sọ́tùn-ún lójijì. Fèrèsé tí ó ti ń na búrẹ́dì àti ẹran ẹlẹ́dẹ̀ díndín sí àwọn oníbàárà kọjú sí i gan-an. Bí ọkọ̀ bá ti yọ lórí òkè báyìí, ọwọ́ Avril á dúró lórí ohun tí ó bá ń ṣe. Ife tíì tí ó ti kún àkúnwọ́sílẹ̀ nítorí èyí kò lóǹkà.

Àwọn oníbàárà mọ àṣà rẹ̀.

"Avril, tíì mi ti ń ṣàn lọ sílẹ̀ o!"

"Fi í sílẹ̀ jàre. Ó ti lọ sí Ìgúnpá, á padà dé," ni oníbàárà mìíràn á wí.

Lára àwọn tí ó máa ń wá ni Giles Enderby, ẹni tí ó ní ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń di àlùbọ́sà sínú àpò. Èèyàn jẹ́jẹ́ ni Giles, kò mọ ìgbéraga, ṣùgbọ́n ọkọ̀ rẹ̀ gbéraga tó fún àwọn méjèèjì. Àṣetán ni. Àwọn tí wọ́n ṣe é kò ṣe é fún ọjà lílọ, wọn kò ṣe é fún òjò, wọn kò sì ṣe é fún ẹni tí ó bá ní ẹrù lọ́wọ́. Kí ó máa yí pápá po ni wọ́n ṣe é fún. Inú tírélà tí wọ́n fi aṣọ bò ni ó máa ń bá wá, ọkùnrin kan tí wọ́n háyà á sì sọ̀ kalẹ̀ láti fẹ́ táyà rẹ̀, yóò sì nu ojú rẹ̀ bí ẹni ń nu ojú ọmọ tuntun. Iṣẹ́ Giles kò ju kí ó wọlé, kí ó tẹná mọ́ ọn lọ.

Lọ́jọ́ kan Avril bi í léèrè iye tí ó rà á.

"Ẹgbẹ̀rún lọ́nà àádọ́rin pọ́n-ùn," ni Giles wí, ojú sì tì í díẹ̀. "Mi ò ka táyà mọ́ ọn."

Avril wò ó lọ wò ó bọ̀. "Ilé mi ò tó bẹ́ẹ̀, tòun ti ilé ìdáná ẹ̀."

"Tèmi ò ní ilé ìdáná."

"O ò wá rí i pé wọ́n rẹ́ ọ jẹ?"

Àwọn méjèèjì rẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí Giles ti gbé tíì rẹ̀ kúrò níbẹ̀ ni ẹ̀rín náà kúrò lójú Avril. Bí ó bá fi gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀ ta tíì, tí ó sì tún ayé wá láti tún un tà, kò lè ra irú ọkọ̀ yẹn. Ó mọ̀ bẹ́ẹ̀, síbẹ̀ ojú rẹ̀ kò kúrò lára Ìgúnpá.

Ọdún tó tẹ̀lé e ni ẹgbẹ́ Desmond Raithby kọ́kọ́ wá sí Ormsdale. Desmond ti fẹ̀yìn tì nídìí iṣẹ́ títún katakátá ṣe. Ọkùnrin gígùn gbọọrọ ni, ọ̀rá ẹ́ńjìnnì kì í sì í tán lábẹ́ èékánná rẹ̀ kódà lọ́jọ́ ìsìn. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ kò gbé ọkọ̀ wọn wá nínú tírélà. Wọ́n wà wọ́n wá lójú títì ọba nínú òjò, láìsí òrùlé, irun gbogbo wọn lẹ̀ mọ́ orí pátápátá. Avril jáde síta pẹ̀lú épírọ́ọ̀nù lọ́rùn, ó gbé ọwọ́ lé ọ̀kan lára àwọn ọkọ̀ kéékèèké náà, ó ṣì ń gbóná.

"Níbo lẹ ti rà á?"

"Rírà kẹ̀? Mo bí i ni," ni Desmond dáhùn. "Páálí mẹ́rìnlá ló bá wá. Egungun ẹ̀ àti páànù ara ẹ̀ ló wà nínú páálí. Ẹ́ńjìnnì ẹ̀, ẹsẹ̀ ẹ̀, sitiárì ẹ̀, inú ọkọ̀ kan tó ti ń kú lọ, ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi, ni mo ti yọ gbogbo ìyẹn."

"Eélòó ni gbogbo ẹ̀?"

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ pọ́n-ùn, téèyàn ò bá ka ojú tí ìyàwó fi ń wo èèyàn."

"Ó sì lè sá bíi ti Giles?"

"Lórí títì tó gùn tààrà, Giles á fi mí sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ní kọ́nà, á yà fún mi ni. Tèmi fúyẹ́. Nínú iṣẹ́ yìí, ìwúwo lọ̀tá wa."

Avril nu ọwọ́ rẹ̀ mọ́ épírọ́ọ̀nù. "Ṣé obìnrin lè tò ó?"

"Ìwé tó wà nínú páálí ò béèrè ọkùnrin tàbí obìnrin. Àwa ọkùnrin gan-an kì í kà á. Bóyá ẹ̀yin á kà á."

Ìka tó tọ́ sí imú la fi ń re imú. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, páálí mẹ́rìnlá ti gúnlẹ̀ sí gáràjì Avril. Ọdún méjì ṣáájú ni ọkọ rẹ̀ ti bá obìnrin mìíràn lọ sí Spain, ó sì wọ́ ilé onítáyà tí wọ́n fi ń lọ ìsinmi lọ pẹ̀lú. Avril máa ń sọ pé ohun rere kan ṣoṣo tí ó ṣe fún òun nìyẹn, nítorí pé ó sọ gáràjì di òfìfo. Ó ra ọkọ̀ àtijọ́ kan tí ipẹtà ti jẹ tán lọ́wọ́ àlùfáà ìjọ kan. Ó tú u palẹ̀ fúnra rẹ̀, ó fọ gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ nínú abọ́ ìfọṣọ, ó sì fi bébà lẹ orúkọ mọ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan kí ó má baà ṣì wọ́n.

Kò mọ nǹkan kan tẹ́lẹ̀. Bóòtù tí ó kọ́kọ́ dè láti fi so irin pọ̀, òdì ni ó dè é sí. Ó kan páànù ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún mọ́ ẹ̀gbẹ́ òsì, ó jókòó sílẹ̀, ó sunkún díẹ̀, ó tú u, ó tún un kàn. Pípẹ́ ni yóò pẹ́, akólòlò á pe baba. Lẹ́yìn iṣẹ́ ní ọjọ́ Tuesday àti gbogbo ọjọ́ ìsinmi ni wọ́n máa ń rí i lórí ìkúnlẹ̀ nínú gáràjì yẹn, àwọn aládùúgbò sì ti ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ pé ìsìn tuntun ni ó dá sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n ṣe ìjókòó rẹ̀, Desmond wá dúró tì í. Báyìí ni àwọn atọkọ̀, àwọn tí ń to ọkọ̀ fúnra wọn, ṣe máa ń ṣe é: wọ́n á da kẹ́míkà olómi méjì pọ̀ sínú ọ̀rá ìdọ̀tí ńlá, yóò bẹ̀rẹ̀ sí í wú bí ìyẹ̀fun tí wọ́n fi ìwúkàrà sí, ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sì jókòó lé e lórí títí tí yóò fi le. Bí ìdí rẹ̀ àti ẹ̀yìn rẹ̀ bá ṣe rí ni ìjókòó náà yóò ṣe rí.

"Má mira o," ni Desmond wí.

"Desmond, ó ń gbóná."

"Ó máa ń gbóná."

"Ibi tí ò yẹ kó ti gbóná ló ti ń gbóná."

"Fara dà á. Tó bá ti le báyìí, ẹlòmíì ò lè jókòó síbẹ̀ mọ́ láyé kó bá a mu."

Avril jókòó jẹ́ẹ́, ó di sitiárì mú, ó sì ń wo ògiri gáràjì níwájú rẹ̀. Ìgúnpá ni ó ń rí lára ògiri náà.

Ní ọdún karùn-ún ni ọkọ̀ náà pé. Òṣìṣẹ́ ìjọba tí ó ń yẹ irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ wò gbé bọ́ọ̀lù kékeré rẹ̀ dé, ó ń yí i kiri gbogbo etí páànù láti mọ̀ bóyá ó mú tó ohun tí ó lè gé èèyàn. Ó ní etí méjì mú jù. Avril fi fáìlì onírin ha wọ́n dán, ó padà lọ, ó yege, wọ́n sì fún un ní nọ́ńbà. Ojú ọjọ́ dára ní ọ̀sẹ̀ yẹn. Pápá ṣí sílẹ̀. Ariwo tí wọ́n fàyè gbà ní Ormsdale nígbà náà jẹ́ márùnlélọ́gọ́rùn-ún lórí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ariwo, ọkọ̀ Avril kò sì sún mọ́ ọn rárá. Kò sí ohun tí ó dí i lọ́wọ́ láti lọ ní ọjọ́ Saturday tó tẹ̀lé e.

Kò lọ.

Ẹni tí ó bá ti gbé láàárín àwọn atọkọ̀ wọ̀nyí mọ àrùn tí ó ń ṣe wọ́n. "Ó ku díẹ̀" ni orúkọ rẹ̀. Ọkọ̀ wọn kì í tán. Níbi tí àwọn èèyàn ti ń béèrè àlàáfíà ara wọn, kílò ni àwọn ń béèrè. "Kílò mélòó ni báyìí?" Bí o bá ní ó jẹ́ ẹgbẹ̀ta, wọ́n á wò ọ́ tàánútàánú. Avril gbé òṣùwọ̀n tí ó fi ń wọn ìyẹ̀fun kúrò ní ilé ìdáná lọ sí gáràjì. Ó wọn bóòtù. Ó wọn dígí. Ó fi ẹ̀rọ lu ihò sára irin tí ó di ẹsẹ̀ búrékì mú, ó fi gíráàmù mọ́kànlélógún dín in kù, ó sì fóònù sí Desmond láti sọ fún un.

"Mọ́kànlélógún! O káre, Avril. O káre láé."

Giles ní tirẹ̀, bí ó bá ti wá gba tíì, á bi í: "Ìgbà wo lo ń gbé e bọ̀?"

"Ó ku díẹ̀."

"Ohun tó o sọ lọ́dún tó kọjá náà nìyẹn."

"Ìwọ lo ra tìẹ. O ò lè mọ̀."

Òótọ́ ni, Giles kò mọ̀. Ó ra tirẹ̀ ní ọjọ́ Thursday kan, nígbà tí yóò fi di Saturday ó ti sá a yí pápá ní ogójì ìgbà. Ọdún méje ni Avril lò pẹ̀lú tirẹ̀, kò tíì sá a yípo ẹyọ kan. Bẹ́ẹ̀ àṣejù, baba àṣetẹ́ ni. Ní ọdún keje yìí ni ó wá kọjú sí sàlẹ́ńsà tí ń pa ariwo ẹ́ńjìnnì. Sàlẹ́ńsà tí ó bá ọkọ̀ náà wá nínú páálí gùn, ó sì sanra, ó wọn kílò mẹ́fà. Avril yọ ọ́ sọ nù, ó ra èyí tí ó kúrú bí ìgò wáìnì, kílò méjì péré. Nígbà tí ó tan ẹ́ńjìnnì, àwọn ẹyẹ fò kúrò lórí igi aládùúgbò. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ wá gbọ́ ọ, wọ́n pàtẹ́wọ́.

Oṣù kan lẹ́yìn èyí ni ọ̀rọ̀ bẹ́ sílẹ̀. Wọ́n ti kọ́ ilé tuntun sí ẹ̀yìn òkè Ormsdale, àwọn tí wọ́n kó wọlé sì ní ariwo kò jẹ́ kí àwọn gbádùn. Ìgbìmọ̀ ìlú já ariwo wá sílẹ̀ sí márùndínlọ́gọ́rùn-ún. Ẹni tí ó ni pápá kò bá wọn jà, ó ta ilẹ̀ náà, wọ́n sì fẹ́ kọ́ ilé sórí òun náà. Ọjọ́ Saturday àkọ́kọ́ nínú oṣù September ni ìsáré ìkẹyìn. Búrẹ́dì ni Avril ń gé lọ́wọ́ nígbà tí wọ́n sọ ọ́ fún un. Ó fi ọ̀bẹ lélẹ̀. Ó fi orúkọ sílẹ̀ ní ọjọ́ yẹn gan-an, kò sì tún wọn gíráàmù kan mọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó fi ilé tíì lé ẹlòmíràn lọ́wọ́, ó gbé ọkọ̀ tó ìlà ìdánwò ariwo. Malcolm Stubbs ni ó ń wọn ariwo ní Ormsdale láti ọjọ́ pípẹ́. Obìnrin kan láti ọ̀dọ̀ ìgbìmọ̀ ìlú dúró tì í pẹ̀lú ìwé lọ́wọ́, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì ìyeyè. Ìgbà mẹ́ta ni òfin gbà kí wọ́n wọn ọkọ̀ kan. Bí ó bá kọjá, ó kọjá. Bí kò bá kọjá, kí ó máa lọ ilé.

"Tẹná mọ́ ọn," ni Malcolm wí.

Avril tẹná mọ́ ọn. Malcolm wo ẹ̀rọ ọwọ́ rẹ̀, ojú rẹ̀ sì rẹ̀wẹ̀sì.

"Mẹ́tàlélọ́gọ́rùn-ún, Avril."

"Ìyẹn á kọjá lọ́dún tó kọjá."

"Á kọjá. Lọ́dún tó kọjá ńkọ́, níbo lo wà?"

Malcolm kò fi ibi sọ ọ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà wọ Avril lára ju bí Malcolm ti rò lọ. Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ sáré dé. Sàlẹ́ńsà ńlá ti lọ sínú ààtàn láti ọjọ́ yìí, kò sì sí ẹni tí ó ní irú rẹ̀ nílẹ̀. Desmond sáré lọ sí ilé tíì, ó kó kànrìnkàn onírin tí wọ́n fi ń fọ ìkòkò wá, odindi páálí kan. Wọ́n tú sàlẹ́ńsà, wọ́n ki kànrìnkàn sínú rẹ̀ bí ẹni ń ki èròjà sínú adìẹ Kérésìmesì, wọ́n dè é padà. Malcolm wọn ọ́n: méjìdínlọ́gọ́rùn-ún. Wọ́n tún un tú. Wọ́n gé agolo ẹ̀wà, wọ́n ká a, wọ́n fi sí ẹnu páìpù. Bóòtù bọ́ lọ́wọ́ Avril lẹ́ẹ̀mejì. Giles pàápàá ti kúrò nídìí ọkọ̀ tirẹ̀, ó wá mú tọ́ọ̀ṣì dání fún wọn.

Ìgbà kẹta, ìkẹyìn. Avril tẹ ẹ́, ó di ojú. Nígbà tí ó la ojú, Malcolm ṣì ń wo ẹ̀rọ náà, bí ẹni pé bí òun bá wò ó pẹ́, nọ́ńbà náà á yí padà. Obìnrin ìgbìmọ̀ náà na ọrùn wò ó pẹ̀lú.

"Mẹ́rìndínlọ́gọ́rùn-ún," ni Malcolm wí. "Ẹyọ kan, Avril. Ẹyọ kan péré. Tó bá jẹ́ èmi nìkan ni mo wà níbí…"

"Mo mọ̀."

Wọ́n tì í kúrò lójú ìlà. Avril jókòó sórí táyà kan, ó ń wo àwọn ọkọ̀ tí wọ́n ń jáde lọ sí pápá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, inú rẹ̀ sì bàjẹ́ débi pé kò lè mu tíì tí wọ́n gbé fún un. Ọdún méjì ni ó fi lé gíráàmù. Ara rẹ̀ ni ó ń bínú sí, kò bínú sí àwọn onílé tuntun.

Giles wá bẹ̀rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó na kọ́kọ́rọ́ sí i.

"Gbé tèmi. Yí i po lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, bó bá ṣe wù ọ́."

"Giles, tí mo bá fọ́ ọ ńkọ́?"

"Lónìí ló parí. Kí ni mo tún fẹ́ fi í ṣe?"

Bí a ò bá rí àdán, à á fi òòbẹ̀ ṣẹbọ. Avril wọlé. Ìjókòó náà fẹ̀ jù, wọ́n fi tìmùtìmù ti ẹ̀yìn rẹ̀. Ó jáde, ó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹta, ó padà wọlé, ó bọ́ akoto. Desmond ti ń dúró dè é, ó ká ọwọ́ gbera bí ọkọ tí ìyàwó rẹ̀ bá ẹlòmíràn jó.

"Báwo ló ṣe rí?"

"Ó dáa ju tiwa lọ, Desmond."

"Ní kọ́nà náà?"

"Ní kọ́nà gan-an. Irọ́ la ti ń pa fúnra wa." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó ti gbé mi kọjá Ìgúnpá kí n tó mọ̀ pé mo débẹ̀. Mi ò ṣe nǹkan kan. Àlejò ni mo jẹ́ níbẹ̀, ó ṣe mí lálejò dáadáa, mo dúpẹ́."

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ Giles lóòótọ́, ó dì mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n bí ó ti padà dúró ti ọkọ̀ kékeré rẹ̀ ni ó wá rí i pé ohun tí ń pa òun lébi láti ọdún mọ́kàndínlógún ṣì wà níbẹ̀ digbí. Ọkọ̀ Giles kò tilẹ̀ bu nǹkan kan kúrò nínú rẹ̀.

Nígbà tí ó di aago márùn-ún, Malcolm fọn fèrè. Gbogbo ẹ́ńjìnnì kú. Òfin ni pé láti àkókò yẹn lọ, kò gbọdọ̀ sí ariwo kankan ní Ormsdale mọ́ láéláé. Àwọn èèyàn ń bọ ara wọn lọ́wọ́, wọ́n ń kó irinṣẹ́. Desmond ni kò kó nǹkan kan. Ó ń wo òkè.

"Malcolm," ni ó wí, "ẹ́ńjìnnì tí ò tàn, ṣé ẹ̀rọ ẹ lè gbọ́ ọ?"

"Kí lo ń sọ?"

"Mo ní tá a bá ti ọkọ̀ Avril dé orí òkè, tá a sì jọ̀wọ́ ẹ̀, òkè á ṣe ìyókù."

Malcolm yíjú sí obìnrin ìgbìmọ̀. Obìnrin náà ṣí ìwé rẹ̀, ó kà á, ó tún un kà. "Ariwo ló wà nínú ìwé mi," ni ó wí. "Kò sí ìwé tó sọ̀rọ̀ nípa kéèyàn ti ọkọ̀. Ẹ ṣe kíá, mo fẹ́ gba kọ́kọ́rọ́ géètì lọ."

Èèyàn mẹ́jọ ni wọ́n tì í. Giles wà láàárín wọn nínú aṣọ ìsáré olówó ńlá rẹ̀, òógùn bò ó. Avril wà nínú ìjókòó tirẹ̀, akoto lórí, bẹ́líìtì lára. Nígbà tí wọ́n dé orí òkè, Desmond bẹ̀rẹ̀ sí i létí.

"Má tẹ búrékì o. Ohun tó bá ní, ìyẹn nìkan ló ní."

Wọ́n sáré tì í, wọ́n jọ̀wọ́ rẹ̀. Avril gbọ́ ẹsẹ̀ wọn lẹ́yìn, lẹ́yìn náà kò gbọ́ wọn mọ́. Atẹ́gùn ni ó kù, àti táyà mẹ́rin lórí ọ̀dà. Òkè fà á, ó tún fà á, títì bẹ̀rẹ̀ sí í sáré bọ̀ wá bá a. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ń lọ sí búrékì, ó fà á padà. Ó ti rí i tó ẹgbàágbèje ìgbà bí àwọn ọkùnrin ṣe máa ń tètè yà kí wọ́n tó débẹ̀, tí wọ́n á sì yí gbirigbiri wọnú koríko. Ó mú sùúrù. Ó tún mú sùúrù díẹ̀ sí i. Lẹ́yìn náà ni ó yí ọwọ́.

Ọkọ̀ náà yà. Ó mọ̀ ọ́n lára ní ìdí, ní ẹ̀yìn, ní àtẹ́lẹwọ́. Ó mọ̀ nígbà tí táyà ẹ̀yìn ọwọ́ òsì yọ̀ díẹ̀, ó mọ̀ nígbà tí ó tún di ilẹ̀ mú, ó sì mọ bóòtù tí ó dì í mú, nítorí òun ni ó dè é. Inú rẹ̀ dùn débi pé ó pariwo nínú akoto. Títì tẹ́jú. Ọkọ̀ náà rọra ń dínwọ́, ó ń dínwọ́, títí tí ó fi dúró lẹ́bàá koríko, tí ó sì lè gbọ́ ẹyẹ.

Desmond ni ó kọ́kọ́ sáré dé, kò lè mí dáadáa. Malcolm àti Giles tẹ̀lé e.

"Avril! Sọ̀rọ̀ nù! Báwo ló ṣe rí?"

Ó bọ́ akoto. Ojú rẹ̀ rin gbindin.

"Ẹ tún mi tì lọ sókè."

Malcolm wo aago rẹ̀, ó wo géètì. Obìnrin oníjákẹ́ẹ̀tì ìyeyè ti dúró síbẹ̀, ó ń juwọ́ sí wọn.

"Wọ́n fẹ́ ti géètì, Avril."

"Ẹ̀ẹ̀kan péré. Mo bẹ̀ ọ́, Malcolm. Mo ti ń bu ṣúgà mẹ́ta sí tíì ẹ láti ọjọ́ tó o ti dé ibí, mi ò sì béèrè nǹkan kan lọ́wọ́ ẹ rí."

Malcolm gba ẹ̀yìn ọkọ̀ lọ, àwọn yòókù tẹ̀lé e, wọ́n gbé ọwọ́ lé páànù, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tì. Avril di sitiárì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì títí wọ́n fi dé ibi tí ọ̀nà ti pín sí méjì. Ọ̀tún ni ó gba òkè lọ, òsì ni ó gba géètì lọ.

"Yí i sósì, Avril," ni Desmond wí lẹ́yìn rẹ̀, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ó tó yí i.